Ẹsẹ̀ Igi Mẹ́ta àti Gíláàsì Wẹ́dà: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Láti Kábà fún Yíya Òkun Tó Dákẹ́

Òkun inú àkọsílẹ̀ yìí, omi iyọ̀ ni. Kì í ṣe Okun tí a fi ń kí ara wa láti Kábà dé Yàgbà. Kò sí etí òkun kankan ní ìwọ̀-oòrùn Kogí. Omi ńlá tó sún mọ́ wa jù ni ti Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ibẹ̀ la ti dán ẹsẹ̀ kámẹ́rà àti gbogbo ohun tí a kàn níhìn-ín wò kí a tó gbé e dé etíkun Ìlàjẹ.

Fọ́tò tí iṣẹ́ yìí wà fún ni èyí tí ìgbì ti pòórá nínú rẹ̀, tí omi tẹ́ pẹrẹsẹ bí epo inú àwo tàbí tó dà bí ìkúukùu. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Ojú kámẹ́rà ni a ṣí sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá títí dé ìṣẹ́jú mẹ́rin, tí ìgbì lọ, tí ìgbì bọ̀, tí gbogbo wọn sì kó ara wọn jọ di ẹyọ kan. Ohun méjì ni ó gbà: gíláàsì dúdú tó lè dènà ìmọ́lẹ̀ kí fọ́tò má baà funfun báláú, àti ẹsẹ̀ tí kámẹ́rà yóò dúró lé, tí kò ní mì rárá. Nínú méjèèjì, ẹsẹ̀ ló ṣòro jù. Lẹ́ńsì olówó gọbọi lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, fọ́tò rírú ni yóò mú wálé.

Àwọn tráípọ́dù (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé) alumíníọ̀mù tó fúyẹ́ kì í bá òkun rẹ́. Yanrìn á wọ inú ibi tí a ti ń yí i tì, á máa ha, lẹ́yìn náà kò ní tì mọ́. Iyọ̀ á sì jẹ ojú irin náà títí yóò fi hu funfun bí ìyẹ̀fun. Igi kò ní wàhálà yìí, ó sì máa ń pa ìgbọ̀nrìrì ju irin lọ. Ìdí nìyí tí àwọn awọnlẹ̀ fi lo ẹsẹ̀ igi fún ìgbà pípẹ́, tí àwọn kan ṣì ń lò ó.

Igi

Ìrókò la mú. Igi àpá náà dára ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún ẹni tí yóò gbé e rìn nínú yanrìn. Arère fúyẹ́ lóòótọ́, bóòtù á jẹ ihò rẹ̀ gbòòrò láìpẹ́, nítorí náà kí a fi í sílẹ̀ fún àjà ilé. Igi kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní 2 by 4, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó iṣẹ́ náà. Kí ó ti gbẹ dáadáa, kí ìlà ara rẹ̀ tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó má ní kókó. Níbi kókó ni ẹsẹ̀ á ti ṣẹ́, àárín omi ni yóò sì ti ṣẹ́.

Gé e sí sẹ̀ǹtímítà 75 lọ́nà mẹ́ta. Ìyókù wà fún orí. Fá ìkọ̀ọ̀kan títí yóò fi nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4, kí o wá la fífẹ̀ rẹ̀ sí mẹ́ta: 2, 2 àti 3. Ẹsẹ̀ kan pé nìyẹn láti ara gígé kan. Àwọn oní-2 méjì ni apá òkè, wọn á dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 3 láàárín. Oní-3 ni apá ìsàlẹ̀ tí yóò máa yọ́ wọlé, yọ́ jáde nínú àlàfo náà. Lẹ́yìn tí a là á tán, a fi sáńdípépà gba bíi ìdajì mìlímítà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan oní-3. Bí ó bá há gádígádí lọ́jọ́ tó gbẹ, kò ní yọ rárá lọ́jọ́ tó bá tutù.

Ihò dídá ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù. Apá ìsàlẹ̀ gba ihò 9, ìkọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 5. Igi apá òkè gba méjì péré fún yíyọ́, ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èkejì ní 13. Bóòtù méjì ló ń di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá lo bóòtù kan ṣoṣo láti dín owó kù yóò rí i pé ẹsẹ̀ ń ṣe jẹ́kẹ́jẹ́kẹ́ ní oríkèé. Di àwọn igi mẹ́ta pọ̀ kí o tó fi dírílì lù wọ́n. Bí a bá lu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ihò kò ní bára mu.

Bóòtù tí spánà 13 ń tú ni a lò, èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 9, pẹ̀lú wáṣà fífẹ̀ méjì àti nọ́ọ̀tì elétí méjì tí a lè fi ọwọ́ yí. Mẹ́fà fún yíyọ́, mẹ́ta fún òkè. Ihò mìlímítà 8 àti ààbọ̀ la kọ́kọ́ dá. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn òru kan nínú ìrì, igi wú, bóòtù mẹ́rin kọ̀ láti jáde, òòlù ni ó lé wọn. A tún gbogbo ihò náà lù sí mìlímítà 9, a sì fi fáníìṣì kun inú ihò pẹ̀lú igi tín-ín-rín tí a fi òwú wé lórí.

Fáníìṣì: ẹ̀ẹ̀mẹta fún ara igi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún fún ẹnu ibi tí a gé, torí ẹnu gígé ni omi ń gbà wọlé. Fi tínà díẹ̀ là ti àkọ́kọ́ kí ó lè mu wọlé, ìwọ̀n tínà kan sí fáníìṣì mẹ́rin. Ní ìgbà ọyẹ́, má kun ún níta. Eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ojú rẹ̀ á rí bí iyànrìn. Má kun fáníìṣì sí ojú ibi tí igi méjì ti ń ha ara wọn. Àbẹ́là ni kí o fi pa ibẹ̀. Gíríìsì á kó yanrìn jọ, àbẹ́là kì í kó o.

Orí

Pílíwúùdù mìlímítà 18, ọ̀nà méjì, yíyípo tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14, ni a fi gọ́ọ̀mù igi lẹ̀ pọ̀, tí a fi nǹkan wúwo tẹ̀ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lábẹ́ rẹ̀ ni a kan bíríkì igi mẹ́ta mọ́, ìkọ̀ọ̀kan nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3, kí apá òkè ẹsẹ̀ lè gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí bóòtù sì gba àárín wọn kọjá. Nọ́ọ̀tì tí kì í tú fúnra rẹ̀ ni ó yẹ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá gùn tán ní sẹ̀ǹtímítà 130 tí ó sì yà sẹ́yìn ní ìwọ̀n dígírì 23, kámẹ́rà á ga tó sẹ̀ǹtímítà 120, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì jìnnà síra wọn ní bíi mítà kan. Kí ó má baà yà jù lórí àpáta tó ń yọ̀, a so okùn ọ̀rá sẹ̀ǹtímítà 60 láti ìsàlẹ̀ apá òkè kan sí èkejì, yíká. Gbogbo rẹ̀ wọ̀n ní nǹkan bí kílò 5. Ó wúwo, bẹ́ẹ̀ la sì fẹ́ ẹ.

Orí tó ń yí kámẹ́rà, a yọ ọ́ lára tráípọ́dù àlòkù kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ihò ìdí rẹ̀ gba bóòtù 3/8 íǹṣì. Sẹ̀ǹtímítà 5 ni gígùn tó bá ìnípọn pílíwúùdù wa mu. Bóòtù kékeré tó ń wọ ìdí kámẹ́rà ti sọnù, níbẹ̀ sì ni ọjà ti tàn wá.

Ihò ìdí ọ̀pọ̀ jù lọ kámẹ́rà káàkiri ayé, 1/4 íǹṣì ni, eyín 20 nínú íǹṣì kan. Ọ̀pọ̀ bóòtù tó wà lọ́jà wa jẹ́ ti mìlímítà. Bóòtù mìlímítà 6 á wọ ihò náà, á yí bí ẹ̀ẹ̀mejì, á ṣe bí ẹni pé ó dì í mú. Irọ́ ni. Ara rẹ̀ tín-ín-rín ju ihò lọ, eyín rẹ̀ kò sì bá ti kámẹ́rà mu. Bí a bá fún un mọ́ ọn, á fá eyín inú kámẹ́rà, bí a kò bá fún un, kámẹ́rà á já. Mú spánà lọ sọ́jà: èyí tí spánà 10 bá wọ̀ géérégé ni oní-mìlímítà 6, dá a padà. Orí 1/4 íǹṣì kì í wọ spánà 10, spánà 11 ló ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Kí ohun tó yọ sókè má ju mìlímítà 4 àti ààbọ̀ lọ, nítorí bóòtù tó gùn jù yóò lu òkè ihò náà lálùbàjẹ́.

Gíláàsì

Gíláàsì dúdú tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà wà, ṣùgbọ́n kì í fìgbà gbogbo dé ọwọ́ ẹni ní Kábà. Ti wẹ́dà wà nítòsí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń jó irin. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni kí o wò. Nọ́ńbà 8 ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìlọ́po 1,000. Nọ́ńbà 10, ní nǹkan bí ìlọ́po 7,200. Nọ́ńbà 11, ó ju ìlọ́po 19,000 lọ, ìyẹn ti pọ̀ jù àyàfi lọ́sàn-án gangan. Èyí tó kún ọwọ́ àwọn wẹ́dà ni 10 àti 11. Nọ́ńbà 10 la mú.

Títóbi rẹ̀ ṣe pàtàkì. Èyí tó tín-ín-rín, mìlímítà 51 ní fífẹ̀, kò lè bo lẹ́ńsì oní-58 (èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 58); igun fọ́tò á ṣókùnkùn. Wá èyí tó jẹ́ 110 sí 90.

Àpótí rẹ̀: pílíwúùdù mìlímítà 4, a gé ihò yíyípo sí àárín, a sì fi áráldáìtì lẹ òrùka fílítà àlòkù oní-58 mọ́ ọn lẹ́yìn tí a ti yọ gíláàsì rẹ̀. Ìlà igi tín-ín-rín méjì ni gíláàsì wẹ́dà ń yọ́ sí láàárín. Fóòmù dúdú pẹlẹbẹ wà yíká ihò kí ìmọ́lẹ̀ má gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Gbogbo inú rẹ̀, ọ̀dà pátákó ìkọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ la fi kùn ún, torí pé kì í dán. Ọ̀dà dúdú tó ń dán yóò fi òjìji lẹ́ńsì hàn nínú fọ́tò.

Kò sí bí a ṣe lè rí nǹkan kan nípasẹ̀ gíláàsì yìí, kámẹ́rà pàápàá kò rí. Nítorí náà ètò kan ṣoṣo ló wà: to fọ́tò rẹ, fa ojú lẹ́ńsì mọ́ ohun tó o fẹ́ kí ó hàn kedere, yí súíìṣì ara lẹ́ńsì sí MF kí ó má tún wá a kiri, wọn ìmọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí o tó yọ́ gíláàsì sínú àpótí. Bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ kan òrùka lẹ́ńsì lẹ́yìn ìyẹn, tún bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò fún nọ́ńbà 10, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/11 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe là tó): bí kámẹ́rà bá sọ pé 1/125 (ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá) láìsí gíláàsì, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, 1/60, ìṣẹ́jú méjì, 1/30, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyẹn rọrùn láti há sórí. Má kọjá f/11 lọ sí f/22 nítorí àtifi àkókò kún un. Àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kò ní hàn kedere mọ́.

Gíláàsì ń sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ ewé. Má wò ó pé fọ́tò ti bàjẹ́. Ya ìwé funfun nínú oòrùn pẹ̀lú gíláàsì lójú, fi ṣe ìwọ̀n funfun kámẹ́rà, kí o sì máa ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Síbẹ̀, pupa àti búlúù tó kù kò pọ̀, èyí tó fi jẹ́ pé bí a bá fà wọ́n sókè, àmì kéékèèké bí yanrìn á kún ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò. Ìdájọ́ wa: sọ ọ́ di dúdú òun funfun. Omi tó dákẹ́ kò nílò àwọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Okùn ìtẹ̀

Kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kámẹ́rà ń fẹ́ kí ìka wà lórí bọ́tìnì títí yóò fi tó, ìka a sì máa gbọ̀n. Fún àwọn Canon kéékèèké tó ní ihò mìlímítà 2.5, a ra ẹnu waya onílà mẹ́ta tó bá ihò náà mu, waya mítà kan àti ààbọ̀, àti súíìṣì kan tó máa ń dúró níbi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí. Ṣóńṣó ẹnu waya ni ti ṣọ́tà (ohun tó ń ṣí ojú kámẹ́rà), òrùka àárín ni ti fífa ojú, ìdí ni ilẹ̀ (ibi tí iná ń gbà padà). Jó waya méjì péré mọ́ súíìṣì, láti ṣóńṣó àti láti ìdí. Fi òrùka àárín sílẹ̀, torí pé ọwọ́ la ti fi fa ojú lẹ́ńsì. Fi mítà iná wò ó kí o tó kì í bọ kámẹ́rà. Bí lẹ́ẹ̀dì tí a fi jó waya bá ṣàn kan ara wọn, kámẹ́rà á máa ya fọ́tò láìdúró.

Ìdánwò ní Lọ́kọ́jà

Ìlú wà ní ìwọ̀-oòrùn odò, nítorí náà òwúrọ̀ ni oòrùn ń yọ lójú omi, tí Òkè Pátí sì wà lẹ́yìn ẹni. Àwọ̀ omi méjèèjì kì í tètè pò pọ̀. Nínú fọ́tò ìṣẹ́jú méjì, ìlà tó wà láàárín wọn á hàn kedere, bí ẹni fi gègé fà á. Ọyẹ́ ń jẹ bèbè òdìkejì, ṣùgbọ́n fún irú àwòrán yìí, ẹ̀bùn ni.

Fọ́tò àkọ́kọ́ rú. Ẹsẹ̀ dúró gbọin, ó dá wa lójú. Okùn ìgbékọ́rùn kámẹ́rà ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ pàpà. Yọ okùn ìgbékọ́rùn. Èkejì náà rú díẹ̀: ohun tó wà lára lẹ́ńsì tí ń dènà ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń wá ìgbọ̀nrìrì tí kò sí. Pa á. Ẹ̀kẹta kò rú mọ́, àmọ́ ìlà pupa ràkọ̀ràkọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Ibi tí ojú ń gbà wo inú kámẹ́rà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀yìn, torí oòrùn ti ga. Téèpù dúdú lórí rẹ̀ ló parí ìyẹn. Ẹ̀kẹrin dára, bí kò ṣe ti ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n so mọ́ èbúté: ara rẹ̀ dà bí èéfín. Ohun tó bá ń fì lórí omi kò lè dúró nínú irú fọ́tò báyìí. Igi tí wọ́n gún mọ́lẹ̀, àpáta, òpó afárá àtijọ́, àwọn wọ̀nyẹn ni ó ń dúró. Ewéko tó ń léfòó á di ìlà funfun gígùn, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀.

Ìkọ́ kan wà lábẹ́ orí fún àpò yanrìn kílò 4. Bí àpò bá rọ̀ sílẹ̀ láìkan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa jù ú, òun gan-an á sì máa mi ẹsẹ̀. Jẹ́ kí ìdí rẹ̀ fara kan ilẹ̀.

Ẹrẹ̀ Ìlàjẹ

Ayétòrò tí à ń sọ níhìn-ín ni ti etí òkun Òǹdó, èyí tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, kì í ṣe Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ tiwa ní Ìjùmú. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú náà, nítorí náà òpó ilé tó dá dúró nínú omi kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún fọ́tò. Ilé ẹnì kan ni. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kí o tó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Ẹrẹ̀ ló wà ní apá ibẹ̀, kò dà bí yanrìn Èkó. Ẹrẹ̀ ń rọ agbára ìgbì kí ó tó dé èbúté, ìdí nìyí tí omi ibẹ̀ fi máa ń rọ̀ ju ti Èkó lọ, níbi tí ìgbì ti ń wó lulẹ̀ gbìì. Ìyẹn ni oore rẹ̀. Ibi rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ igi ń rì: láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹsẹ̀ kan lè wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ìlà tí òkun àti ọ̀run ti pàdé á sì di méjì nínú fọ́tò. A gé bàtà pílíwúùdù yíyípo, sẹ̀ǹtímítà 15, fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a so ó pẹ̀lú okùn kékeré kí ẹrẹ̀ má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ, dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí o tó to fọ́tò. Nínú yanrìn, yọ bàtà náà kúrò. Ńṣe ni kí o ti ẹsẹ̀ bọ yanrìn jinlẹ̀, torí omi tó ń padà sẹ́yìn máa ń wa yanrìn lábẹ́ ohunkóhun tó bá dúró lókè.

Omi òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ìyàtọ̀ kíkún àti fífà rẹ̀ létíkun wa jẹ́ nǹkan bíi mítà kan, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó tẹ́jú, mítà kan yẹn lè gbà ọ́ lọ́nà ilé. Ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà ló dára jù láti dúró. Etíkun Ìlàjẹ kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ní Oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ lórí omi gan-an, ìgbì náà sì máa ń kéré nígbà yẹn ju ti Oṣù Keje lọ.

Ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ń dá ìyọnu kan sílẹ̀: bí a bá mú kámẹ́rà tútù jáde sínú ooru òkun, lẹ́ńsì á ṣe kùrukùru. Jẹ́ kí ó wà nínú báàgì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi òkun bá ta sí lẹ́ńsì, má fi aṣọ gbígbẹ nù ún, torí èérún iyọ̀ á ha á. Fi omi mímọ́ kán an, jẹ́ kí iyọ̀ yọ́, kí o tó fi aṣọ rírọ̀ gbà á.

Lẹ́yìn òkun

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, tú gbogbo ẹsẹ̀ sí wẹ́wẹ́, da omi tútù lé e, nù ún, gbé e sí ibòji. Má gbé e sí oòrùn Kábà, á là. Lẹ́yìn ìrìn àjò méjì sí etíkun, ìrókò kò ní àbùkù, fáníìṣì bó díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan. Bóòtù ni ó ń dípẹtà, mẹ́fà tó ń yọ́ ju mẹ́ta òkè lọ, torí àwọn ni wọ́n ń wọ omi. A ti fi èyí tí kì í dípẹtà rọ́pò mẹ́rin. Méjì tó kù ń dúró de ìgbà tí ẹni tó ń tà á yóò tún rí oní-sẹ̀ǹtímítà 9. Oní-8 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, wáṣà kan ṣoṣo sì ni ìyẹn lè gbà.